Ẹ fi akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn tẹ̀lé aláìsàn jẹjẹrẹ: ìdáhùn sí olùkọ́ kan ní Adó-Èkìtì

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ni mí ní ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn kan níbí ní Adó-Èkìtì. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí n tún ètò ẹ̀kọ́ jẹjẹrẹ tò fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ni. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé àwọn ọmọ wọ̀nyí mọ orúkọ oògùn, wọ́n mọ ìpele tí jẹjẹrẹ ń tàn dé, kìíní dé ìkẹrin, lórí, wọ́n sì ń yege ìdánwò. Ṣùgbọ́n bí obìnrin tó ní kókó lọ́mú bá jókòó síwájú wọn, wọn kì í mọ ohun tó kàn. A kò ní ẹ̀rọ ìtànṣán tí a fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ, dókítà wa kò tó, akẹ́kọ̀ọ́ sì pọ̀. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú àníyàn àwọn ọmọ náà. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kún ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Èyí tó wà nílẹ̀ ti tó wọn í kà.

Bí mo ṣe rí i, a máa ń gé jẹjẹrẹ sí wẹ́wẹ́ kí a tó fi lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́. Ní ọdún kẹrin, ẹ̀ka patọ́lọ́jì, tó ń yẹ ẹran ara wò fún àìsàn, fi síláìdì, gíláàsì pélébé tí ẹran ara wà lórí rẹ̀, hàn án, ẹ̀ka fámakọ́lọ́jì ka orúkọ oògùn kẹ́mò, èyí tó ń pa jẹjẹrẹ, fún un. Iṣẹ́ abẹ kọ́ ọ ní ti ọmú àti ti ìfun. Tó bá di ọdún karùn-ún, ẹ̀ka àrùn obìnrin kọ́ ọ ní ti ọrùn ilé-ọmọ, ẹ̀ka ọmọdé kọ́ ọ ní ti ojú àti ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ. Olúkúlùkù ṣe tirẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó fi hàn án bí ọ̀kan ṣe ń wọnú èkejì. Ìyá tó sì wọkọ̀ láti Ìjerò wá sí Adó kò pín ara rẹ̀ sí ẹ̀ka-ẹ̀ka. Ara kan ló gbé wá, àìsàn kan, àpò owó kan.

Nítorí náà, ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ fi ṣe òpó ètò tuntun yín: kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ní aláìsàn jẹjẹrẹ kan tí yóò máa tẹ̀lé, láti ọjọ́ tí aláìsàn náà bá kọ́kọ́ wọ kílíníìkì títí ìtọ́jú rẹ̀ yóò fi parí, tàbí títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé, tàbí títí akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi gba oyè. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá pọ̀ ju aláìsàn lọ, kí ẹni méjì tàbí mẹ́ta pín ẹnì kan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún kẹrin, nígbà tí wọ́n ṣì ń ka patọ́lọ́jì lọ́wọ́. Kí dókítà àgbà fúnra rẹ̀ tọrọ àyè lọ́wọ́ aláìsàn ní èdè tó gbọ́, kí ó sì yé e pé bí òun bá kọ̀, ìtọ́jú òun kò ní yí padà. Orúkọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ ìwé akẹ́kọ̀ọ́, àwòrán rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ wọ fóònù ẹnikẹ́ni.

Akẹ́kọ̀ọ́ náà yóò wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń gé díẹ̀ nínú ẹran ara aláìsàn fún àyẹ̀wò. Yóò tẹ̀lé ẹran náà dé patọ́lọ́jì, yóò sì jókòó ti dókítà ibẹ̀ wo síláìdì aláìsàn tirẹ̀. Yóò wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí èsì bá jáde, lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, àti lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ so kẹ́mò mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹni tó bá ti wo síláìdì ìyá tí òun mọ̀, tí òun ti bá sọ̀rọ̀, kì í tètè gbàgbé ohun tó rí lórí rẹ̀.

Ẹ fún wọn ní ìwé pélébé kan tí wọn yóò kọ ọjọ́ mẹ́fà sí: ọjọ́ tí aláìsàn kọ́kọ́ fọwọ́ kan kókó náà, ọjọ́ tó kọ́kọ́ sọ fún ẹnikẹ́ni, ọjọ́ tó kọ́kọ́ rí dókítà, ọjọ́ tí wọ́n gé ẹran, ọjọ́ tí èsì jáde, ọjọ́ tí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ ibi tó wà nígbà náà àti ohun tó ná. Wọn yóò rí i pé kẹ́míìsì ló kọ́kọ́ lọ, tí wọ́n fún un ní kápúsù. Wọn yóò rí alágbo, wọn yóò rí ilé àdúrà àti orí òkè. Ẹ kọ́ wọn kí wọ́n béèrè rẹ̀ láìbá a wí: “Màámi, kí ẹ tó wá síbí, ta ló ti ń bá wa tọ́jú rẹ̀?” Ìyá tí a bá bi báyìí yóò sọ gbogbo rẹ̀. Èyí tí a bá kọ́kọ́ kàn lábùkù pé ó pẹ́ jù yóò parọ́ fún wa, ó sì lè má padà wá mọ́.

Àjọ IARC, tó wà lábẹ́ àjọ ìlera àgbáyé, fojú bù ú pé ó lé ní 127,000 ènìyàn tí jẹjẹrẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ní Nàìjíríà lọ́dún 2022, àti pé ó lé ní 79,000 tí ó pa lọ́dún kan náà. Ní ti ọmú, ìpele kẹta tàbí ìkẹrin ni ọ̀pọ̀ obìnrin wa ń wà kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ dókítà tó lè tọ́jú wọn. A máa ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé àìmọ̀kan aláìsàn ló fà á, a ó sì kọjá síbẹ̀. Ìwé pélébé yìí kò ní jẹ́ ká rọ́nà kọjá bẹ́ẹ̀. Láàárín ọjọ́ tó kọ́kọ́ rí dókítà àti ọjọ́ tí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀, àwa la ni ọ̀pọ̀ nínú ìdádúró náà: dókítà tó ní kó lọ máa wò ó ná, èsì tó pẹ́ ní patọ́lọ́jì, ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tí wọ́n sún síwájú, owó tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún un ṣáájú pé yóò nílò. Bí kíláàsì kan bá parí, ẹ kó ìwé náà jọ. Iṣẹ́ kíka aláìsàn jẹjẹrẹ kò ṣàjèjì sí wa, láti ọdún 1960 ni ìwé àkọsílẹ̀ jẹjẹrẹ ti wà ní Ìbàdàn. Tiyín yóò fi ibi tí ọjọ́ ń ṣòfò sí ní Èkìtì hàn yín, ẹ ó sì lè gbé e síwájú àwọn aláṣẹ ilé ìwòsàn.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ẹran tí a gé, nítorí ibẹ̀ ni mo ti rí i tí iṣẹ́ rere ń bàjẹ́ jù. Wọ́n á gé e dáadáa. Wọ́n á wá sọ ọ́ sínú ike tí formalin, omi tí kì í jẹ́ kí ẹran rà, inú rẹ̀ kò ju ìdérí ìgò kan lọ, tàbí sínú omi iyọ̀ nítorí pé formalin ti tán. Wọ́n á fi náílọ́ọ̀nù dúdú wé e, wọ́n á fi lé ọmọ aláìsàn lọ́wọ́ pé kó gbé e lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Ọmọ náà kò ní owó àyẹ̀wò lọ́wọ́, ó gbé ike lọ sílé, ó lọ wá owó. Nígbà tí ike yóò fi dé ibi tó ń lọ, ẹran inú rẹ̀ ti ń rà. Dókítà patọ́lọ́jì lè ṣì rí i pé jẹjẹrẹ ni. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò kejì, èyí tó ń sọ bóyá họ́mónù ló ń bọ́ jẹjẹrẹ náà, lè jáde pé rárá, nígbà tó jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni ni ì bá jẹ́. Obìnrin tí ì bá máa lo tamoxifen, oògùn oníhóró tí agbára wa ká, á pàdánù rẹ̀ nítorí ike kan.

Gbogbo òfin ibẹ̀ kò ju ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹrin lè ṣe fúnra rẹ̀ lọ. Formalin ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tí a ti fi iyọ̀ tí kì í jẹ́ kó di kíkan sí, kí ó sì tó ìlọ́po mẹ́wàá ẹran náà. Kí ẹran wọ inú rẹ̀ kí wákàtí kan tó pé. Bí ọmú bá ni, kí ó má dín ní wákàtí 6 nínú rẹ̀, kí ó má sì ju 72 lọ. Kí a kọ orúkọ sí ara ike, nítorí ìdérí máa ń ṣí bọ́ sórí ike ẹlòmíràn. Kí a kọ aago tí a gé e sórí fọ́ọ̀mù, àti ohun tí ọwọ́ dókítà bá lára aláìsàn. Ẹ fi iṣẹ́ yìí lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ pátápátá, kí ó sì fọwọ́ sí i pé òun ló gbé e dé ibẹ̀.

Ó kan ọwọ́ wọn. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá tíì fọwọ́ kan kókó rí, kò tọ́ kí ara ìyá onìyá jẹ́ ibi tí yóò ti kọ́kọ́ kọ́ ọ. Ẹ ra fóòmù, kí telọ kan ní Ọjà Ọba fi aṣọ rírọ̀ rán an bí ọmú. Ẹ fi ìlẹ̀kẹ̀, ẹ̀wà gbígbẹ àti òkúta wẹ́wẹ́ há inú rẹ̀, òmíràn lókè, òmíràn nísàlẹ̀, òmíràn tó ń yẹ̀, òmíràn tí a rán mọ́lẹ̀ tí kò lè yẹ̀. Ẹni tí kò bá rí gbogbo rẹ̀ kò gbọdọ̀ tíì wọ kílíníìkì. Bí wọ́n bá wá dé ibẹ̀, kí ó ti mọ́ wọn lára pé kókó ọmú kò ní jáde lọ́wọ́ dókítà láìṣe ohun mẹ́ta: kí ọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, kí a ya àwòrán inú rẹ̀, kí abẹ́rẹ́ gba ẹran níbẹ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni o. Ẹni tó bá dúró lórí ọ̀kan ń méfò ni.

Kí ẹ sì sọ ọ́ fún wọn pé ìwé tí wọ́n ń kà, ara àwọn obìnrin òkè òkun ni wọ́n fi kọ ọ̀pọ̀ rẹ̀. Níbẹ̀, jẹjẹrẹ ọmú pọ̀ jù lára àwọn tó ti dàgbà. Níbí, púpọ̀ nínú àwọn tí à ń rí kò tíì pé 50 ọdún. Nítorí náà, “ó ṣì kéré” kì í ṣe ìdí láti dá obìnrin padà sílé. Ọmú ọ̀dọ́ máa ń ki, àwòrán mammogram, X-ray ọmú, kì í fi bẹ́ẹ̀ ríran nínú rẹ̀, skáànì bí irú èyí tí a fi ń wo oyún ló dára jù fún un. Èyí tó ń dùn mí jù ni ti ìyá ọlọ́mọ-lọ́mú. Ọmú rẹ̀ wú, wọ́n ní wàrà ló dì, wọ́n fún un ní oògùn apakòkòrò. Kò lọ, wọ́n tún fún un ní òmíràn. Ẹ kọ́ wọn pé bí ọmú tó wú kò bá yọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ìtọ́jú, skáànì àti abẹ́rẹ́ ló kàn.

Jẹ̀díjẹ̀dí ńkọ́? Gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó bá ti ìdí ènìyàn jáde ní ilẹ̀ wa, jẹ̀díjẹ̀dí là ń pè é, agbo rẹ̀ sì wà ní gbogbo ibùdókọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá fi ìka yẹ ìdí wò yóò bá wọn pè é bẹ́ẹ̀, nígbà tó lè jẹ́ jẹjẹrẹ. Ìka kan náà ni yóò fi mọ próstéètì, ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀, tó le gbandi, tó sì rí gbágungbàgun. Kí wọ́n tún mọ̀ pé PSA, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún próstéètì, tó ga nìkan kò túmọ̀ sí jẹjẹrẹ, próstéètì tó kàn tóbi lásán tàbí tí kòkòrò wọ̀ lè gbé e sókè pẹ̀lú.

Ní ti ìtọ́jú, ẹ má fi ìwọ̀n oògùn kẹ́mò dà wọ́n láàmú. Ẹni tí yóò máa fún ènìyàn ní kẹ́mò yóò lọ kọ́ ọ sí i. Ohun tí dókítà tuntun yóò pàdé ní ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìkọ̀lé tàbí ní Òmùò ni kí ẹ kọ́ wọn, ibà ló sì ṣáájú. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọkùnrin kan gba kẹ́mò ní Ìbàdàn, ó padà sílé sí Òmùò. Ní nǹkan bí ọjọ́ kẹwàá, ara rẹ̀ gbóná. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn lóru. Dókítà tuntun wò ó, ó ní ibà ẹ̀fọn ni, ó fún un ní abẹ́rẹ́ ibà àti parasitamọ́ọ̀, ó ní kó máa bọ̀ lọ́la. Láàárín ọjọ́ keje sí ìkẹrìnlá lẹ́yìn kẹ́mò ni àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń bá kòkòrò jà nínú ẹ̀jẹ̀ máa ń kéré jù. Kòkòrò tí kò lè ṣe ẹlòmíràn ní nǹkan lè pa ọkùnrin yìí kí ilẹ̀ tó mọ́.

Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ kó jáde lẹ́nu wọn ni, “Ìgbà wo lẹ gba kẹ́mò gbẹ̀yìn?” Bí ooru ara bá ti tó 38.3, tàbí tó wà ní 38 fún wákàtí kan, lára ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba kẹ́mò, kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò, kí wọ́n sì ti abẹ́rẹ́ apakòkòrò tó lágbára sí iṣan rẹ̀ láàárín wákàtí kan. Wọn kò gbọdọ̀ dúró de èsì. Wọ́n lè tọ́jú ibà ẹ̀fọn mọ́ ọn bí àyẹ̀wò bá fi í hàn. Mo fẹ́ kí gbogbo ọmọ tó bá jáde láti ilé-ẹ̀kọ́ yín mọ èyí, àní bí wọn kò bá rántí orúkọ oògùn kẹ́mò kankan.

Èkejì rẹ̀ ni bàbá àgbàlagbà tí ẹ̀yìn ń ro, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wá ń kọ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n á ní ayé ló ta á lọ́fà. Jẹjẹrẹ próstéètì tó ti wọ eegun ẹ̀yìn ló lè máa fún ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀. Bí a bá tètè fún un ní dexamethasone, oògùn tó ń mú wíwú rọlẹ̀, tí a sì gbé e lọ kíákíá síbi tí wọ́n ti lè tọ́jú rẹ̀, ó lè máa rìn lọ. Bí a bá fi í sílẹ̀ títí ẹsẹ̀ fi kú, ó ṣòro kó tó dìde mọ́.

Ní ti ẹ̀rọ ìtànṣán tí ẹ kò ní, kò dí ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ bí ẹ ṣe rò. Ó wà ní ilé ìwòsàn UCH n’Ìbàdàn, ó wà ní ibùdó jẹjẹrẹ NSIA-LUTH tí wọ́n ṣí ní Èkó lọ́dún 2019. Kí kíláàsì kọ̀ọ̀kan lọ wo ọ̀kan fún ọjọ́ kan. Ẹ bẹ àwọn dókítà ibẹ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ yín máa wọ ìpàdé wọn lórí Zoom, níbi tí oníṣẹ́ abẹ, patọ́lọ́jì àti oníkẹ́mò ti ń jọ fohùn ṣọ̀kan lórí aláìsàn kan. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ ni àìsàn tó nílò ìtànṣán, kí ó lè tètè darí rẹ̀, kí ó sì mọ̀ pé ojoojúmọ́ ni wọ́n sábà máa ń gbà á, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìyá láti Ẹfọ̀n Aláayè kò lè máa lọ kí ó máa bọ̀. Ibo ni yóò máa sùn n’Ìbàdàn? Ta ni yóò tẹ̀lé e? Kí akẹ́kọ̀ọ́ béèrè bẹ́ẹ̀ kí ó tó kọ lẹ́tà.

Mo ń bọ̀ sórí ọ̀rọ̀ sísọ, ó sì le. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí: èsì jáde, dáwódù ìyá náà fa dókítà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní, “Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí màmá gbọ́ o.” Ìfẹ́ ló ń sọ ọ́, kò sì yẹ kí a bá a jà. Ṣùgbọ́n kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣèlérí fún un. Kí ó jókòó ti ọmọ náà, kí ó bi í léèrè ohun tó ń bà á lẹ́rù, kí ó wá ṣàlàyé pé ìyá ni yóò gba kẹ́mò, ìyá ni irun rẹ̀ yóò re, a kò lè ṣe é ní ìkọ̀kọ̀ fún un. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n bi ìyá fúnra rẹ̀: “Màámi, èsì àyẹ̀wò yín ti dé. Ṣé ẹ̀yin ni kí n sọ ọ́ fún, àbí ẹ fẹ́ kí ọmọ yín jókòó tì wá?” Bí ó bá ní kí wọ́n sọ ọ́ fún ọmọ, òun ló yàn bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ní kí wọ́n sọ ọ́ fún òun, kí wọ́n sọ ọ́ lójúkorojú, ní ìjókòó, kí ẹnu wọn sì dákẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sọ ọ́. Àwọn ọmọ wa máa ń bẹ̀rù ìdákẹ́jẹ́ yẹn, wọ́n á máa kó ìpele àti orúkọ oògùn bo ìyá náà mọ́lẹ̀. Kò gbọ́ ìkankan nínú rẹ̀.

Ẹ fi Yorùbá kọ́ wọn ní èyí, ẹ sì fi ìgbà gbogbo dá a ṣe. Àwọn nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì mọ bí ìyá Èkìtì ṣe ń bínú, bó ṣe ń sunkún, bó ṣe ń dákẹ́. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá ṣe bí aláìsàn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò gbọ́ Yorùbá, tàbí tó gbọ́ ti Èkó tí ti Èkìtì ń ru ú lójú, kí ó kọ́ bí a ṣe ń bá ògbufọ̀ ṣiṣẹ́. Kí ó má fi ọmọ kékeré aláìsàn ṣe ògbufọ̀ láé.

Lórí ìrora, mo kàn ní èyí láti sọ: ẹ kọ́ wọn bí a ṣe ń fún ènìyàn ní morphine olómi, ní àkókò rẹ̀, kí ìrora tó padà, pẹ̀lú oògùn tí kò ní jẹ́ kí ìgbẹ́ gan. Ìbẹ̀rù pé yóò di bárakú ti jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn kú nínú ìrora tí kò yẹ wọ́n. Lórí ìdènà náà, ẹ kò ní pẹ́ jù: láti 2023 ni Nàìjíríà ti ń fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV, kòkòrò tó ń fa jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ. Àwọn àgbà obìnrin tí kò rí i gbà sì lè ṣe àyẹ̀wò ọrùn ilé-ọmọ tí a ń fi omi kíkan ṣe, tí a ó fi dúró ìṣẹ́jú kan kí a tó wo ibi tó funfun. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é.

Gbogbo èyí yóò já sí asán bí ẹ kò bá yí ìdánwò padà. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ohun tí kò bá jáde nínú ìdánwò, wọn kò ní kà á. Ẹ yọ díẹ̀ nínú àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń mú ìdáhùn kan nínú mẹ́rin yẹn. Ẹ fi ike àti formalin síwájú wọn. Ẹ ní kí wọ́n kọ lẹ́tà tí a fi ń darí ìyá Ẹfọ̀n lọ sí Ìbàdàn. Ẹ fi nọ́ọ̀sì àgbà jókòó gẹ́gẹ́ bí ìyá tó ń dúró de èsì, kí òun náà sì fún wọn ní máàkì.

Wọ́n yóò sọ fún yín pé àyè kò sí, pé ìyanṣẹ́lódì yóò já a láàárín. Òótọ́ ni ìkejì. Nígbà ìyanṣẹ́lódì, akẹ́kọ̀ọ́ lè máa pe aláìsàn rẹ̀ lórí fóònù, èyí tó pọ̀ ju ohun tí ọ̀pọ̀ aláìsàn ń rí gbà lọ. Ẹ má kó gbogbo kíláàsì lẹ́ẹ̀kan. Ẹ mú akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá, kílíníìkì ọmú kan, àti dókítà patọ́lọ́jì kan tó ń fẹ́ kíkọ́ ọmọ. Ẹni ìkẹyìn yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá, kí ẹ tó kọ ohunkóhun sílẹ̀, nítorí bí kò bá sí àga fún akẹ́kọ̀ọ́ ní yàrá rẹ̀, ètò náà yóò dúró síbẹ̀. Tí ìwé pélébé ogún bá ti kún, ẹ yọ ohun gbogbo tó lè fi aláìsàn hàn kúrò, ẹ fi í ránṣẹ́ sí mi, kí a jọ kà á.